Dàdá inú Kàlẹ́ńdà

Àwọn oníṣòwò máa ń sọ pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Èmi Mùsítúrà ò ní bá wọn jiyàn, torí èmi náà polówó òwú irun àti ìlarun ní Òkokomáíkò títí ohùn mi fi há. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé bí wọ́n bá gún àgúnmu tán, ẹnìkan ló máa gbé e mì. Àwọn tí mo rí tó gbé e mì lójú mi, ọmọdé ni wọ́n. Èyí tó dùn mí jù nínú wọn ni Dàdá, ọmọbìnrin Ọ̀ṣunbíyìí onídìrí, ìtàn òun àti ìyá rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ.

Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀ṣunbíyìí ló kángun sí tèmi. Pákó lásán ló pààlà wa. Bó bá wúkọ́ lọ́hùn-ún, èmi ni mo máa ń kí i pẹ̀lẹ́ láti ìhín. Ọmọ Ayétòrò ni, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í pariwo. Láti kékeré ló ti ń fi koríko eéran kọ́ irun dídì lẹ́yìnkùlé ìyá rẹ̀, nígbà tó sì fẹ́ Májẹ́kódùnmí, tí ọkọ gbé e wá sí Èkó, ọwọ́ méjèèjì yẹn nìkan ló bá a wá gẹ́gẹ́ bí ẹrù. Ọkọ ń ṣe fọkanáísà ní Ìyànà Ìbà, ó ń lẹ táyà fún àwọn ọkọ̀ tó ń gba títì Àgbádárìgì. Tọkọtaya náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹ ó rí wọn nínú sùtánà wọn, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ẹrẹ̀ Òkokomáíkò, èmi a sì máa ronú pé ìfẹ́ Ọlọ́run ti àwọn wọ̀nyí kò kéré.

Nígbà náà, ní nǹkan bí 1983 sí 1986, kò sí ọmọbìnrin tó ń lọ sílé ìwé láti Ìbà títí dé Ọ̀tọ̀-Àwórì tí kò mọ ọwọ́ Ọ̀ṣunbíyìí. Ó ń di ṣùkú, ó ń di kolẹ́sẹ̀, ó ń di ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Bó bá fi òwú kó irun, orí ọmọ á dúró ṣánṣán. Lọ́dọ̀ mi ni wọ́n ti ń ra òwú. Àwa méjèèjì, orí ọmọ ọlọ́mọ la ti ń jẹun.

Ó wá jẹ́ ohun ẹ̀rín pé ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún onídìrí, Dàdá ni. Irun tó ti ọ̀run ta kókó wá, a kì í fi òòyà kàn án. Bí àlejò bá fọwọ́ kan orí Dàdá, dandan ni kó fi nǹkan sí i lọ́wọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ara ọmọ á gbóná. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn gan-an, wòlíì sọ pé ọmọ ẹ̀mí ni, iwájú ni wọ́n máa ń fi í jókòó sí. Bí mo bá fẹ́ fi ìyá rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, mo máa ń pè é láti ẹ̀gbẹ́ pákó pé, "Onídìrí, ta ló máa bá ọ dirun ọmọ tìrẹ?"

Yóò rẹ́rìn-ín. "Ìyá Mọ́rúfù, ẹ fi mí sílẹ̀ o. Èmi ń di tayé, ọ̀run ti bá mi di tèmi."

Ọmọ náà dára lọ́mọ. Ó dúdú, ó ń dán, irun rẹ̀ gùn kọjá èjìká, ìyá rẹ̀ sì so owó ẹyọ àti ìlẹ̀kẹ̀ pupa mọ́ ọn. Bó bá ń sáré bọ̀ láti ilé ìwé, ẹ ó ti gbọ́ ṣaworo-ṣaworo rẹ̀ kó tó yọ. Bí àwọn àgbà bá dá a dúró, tí wọ́n ní, "Dàdá, owó ẹyọ orí rẹ ń kọ́?", yóò mi orí fún wọn dáadáa, yóò na ọwọ́ gba ẹ̀bùn rẹ̀, yóò sì dá ìdajì rẹ̀ fún ẹni tó bá wà nítòsí. Kò sí ohun tó ń tì í lójú nínú ara rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ rántí èyí.

Ọdún 1987 ni Rosabẹ́lì dé. Ìpara ìnarun ni, inú ike funfun kan tí wọ́n ya òdòdó sí lára. Àwa ti ń gbọ́ nípa pẹ́ẹ̀mù tẹ́lẹ̀, a ń rí i lórí àwọn ọmọ yunifásítì tó ń gba Ìyànà Ìbà kọjá, ṣùgbọ́n ti àwọn yẹn ò kàn wá. Rosabẹ́lì ló wá bá àwọn ọmọdé nílé. Gbogbo ìrọ̀lẹ́, kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbé ọmọbìnrin kan jáde lórí tẹlifíṣàn, yóò ju irun sọ́tùn-ún, yóò jù ú sósì, orin á sì máa lọ: "Ó nà, ó dán, ó ń mì, Rosabẹ́lì!" Tẹlifíṣàn sì ti pọ̀ ládùúgbò wa ju àwo ìjẹun lọ, nígbà tí ọjà Alábà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ wà nítòsí. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ìpolówó wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Wọ́n á gbé gbohùngbohùn sórí rẹ̀, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé bí wọ́n bá ti fẹ́ jáde, wọ́n á máa pín rúlà àti tíṣáàtì. Ọmọ tó bá mọ orin náà kọ ló máa rí gbà. Mọ́rúfù tèmi, ọmọkùnrin tí kò ní irun kankan lórí, ó kọ ọ́ wálé, mo sì fọ́ ọ létí.

Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ Ẹ̀sítéètì Ìbà fi kọ ẹ̀yìn sí òwú. Wọ́n ní irun kíkó ti di ti ará oko. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá fi dandan fi òwú kó irun fún, yóò máa sunkún lọ sílé ìwé. Ọ̀ṣunbíyìí fara dà á fún bí ọdún kan. Ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí itan, kò ní orí tó máa fi í sí. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, mi ò ní purọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí Akínwándé dé. Òun ni kọ́ńpìnì rán sí agbègbè wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń so táì nínú oòrùn ọ̀sán, tí ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ó pe Ọ̀ṣunbíyìí ní Mádáàmù. Ó ní kọ́ńpìnì yóò kun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n á fún un ní dáráyà tí wọ́n fi ń gbẹ irun, wọ́n á kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ìkẹjà, ìpara àwọn nìkan ni kó ṣáà máa lò. Ọ̀ṣunbíyìí gbà. Wọ́n kun ṣọ́ọ̀bù náà ní àwọ̀ olómi òdòdó, wọ́n lẹ àwòrán ọmọbìnrin onírun yẹn mọ́ ògiri, pákó tó pààlà wa sì di pupa rúsúrúsú lọ́dọ̀ tirẹ̀, ó ṣì dúdú lọ́dọ̀ tèmi. Oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá. Òwú tèmi ń kó eruku. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tí mo bá sọ nípa ìpara yẹn, wọ́n á ní ẹni tó ń ta òwú ló ń jowú.

Gbogbo oníbàárà tó bá fẹ́ na irun, ìkìlọ̀ kan náà ni Ọ̀ṣunbíyìí ń fún wọn, àní mo ti há a sórí láti ẹ̀gbẹ́ tèmi: "Má fọ orí rẹ o. Má fi nǹkankan họ ọ́. Bí o bá họ ọ́ pẹ́nrẹ́n, padà sílé." Nítorí ìpara yẹn gbóná. Awọ orí tó bá ti ṣí, yóò wọ inú rẹ̀ lọ ni. Ó sì ń tẹ̀lé òfin yìí. Mo ti rí i tó lé ọmọ ọlọ́pàá padà torí egbò kékeré.

Dàdá ti tó ọmọ ọdún méjìlá nígbà yẹn. Nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, Beatrice ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wá yí orin Rosabẹ́lì padà fún un. Bó bá ti wọlé, wọ́n á gbè é pé: "Ó ká, ó kó, kò mì, Dàdá!" Wọ́n á máa jó yí i ká. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mi ò gbọ́ ṣaworo-ṣaworo. Mo kàn ṣàdédé rí i lẹ́nu ọ̀nà ni. Ó ti tú gbogbo owó ẹyọ orí rẹ̀, ó dì wọ́n sínú áńkáṣíìfù, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Màámi, mi ò fẹ́ mọ́. Ẹ nà án fún mi."

"Èwọ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "A kì í na irun Dàdá."

"Ẹ má pè mí ní Dàdá mọ́ náà. Beatrice lorúkọ mi. Gbogbo orí ọmọ ọlọ́mọ lẹ̀ ń tún ṣe, tèmi nìkan lẹ ò fẹ́ ṣe."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ọ̀ṣunbíyìí wọ egungun. Ṣùgbọ́n ó ṣì kọ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, ọmọ náà sì ń gbé ara rẹ̀ kiri bí ẹni tó jí nǹkan. Bí a bá kí i ní Dàdá, kì í dáhùn. Mo pè é ní Beatrice lọ́jọ́ kan láti fi tù ú nínú, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ wo bí orin ìpara ṣe gba orúkọ lẹ́nu ọmọ.

Kọ́ńpìnì wá ń wá ọmọbìnrin tí wọ́n máa fi sínú kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀, láàárín àwọn ọmọ onídìrí wọn. Akínwándé wọ ṣọ́ọ̀bù, ó rí Dàdá, ó dúró sójú kan. Ó fọwọ́ wọn gígùn irun náà, kò sì fi nǹkankan sí ọmọ lọ́wọ́.

"Mádáàmù! Ẹ ní irú length báyìí nílé, ẹ wá ń wò mí? Kò sí ọmọ tó ní i ní gbogbo Lagos. Ká kàn nà án báyìí, ó máa dé ìdí. Gbogbo ayé ló máa mọ̀ ọ́n. Beatrice, àbí? Ṣé o fẹ́?"

Ọmọ náà mi orí pé òun fẹ́.

Májẹ́kódùnmí ní òun ò lè dá sí i láìjẹ́ pé ìyá òun gbọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ayétòrò. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí Ìyá Àríkẹ́, ìyá Májẹ́kódùnmí, sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, mo ní àgbà ti dé, àgbà yóò sọ pé rárá. Ẹni tó bá gbójú lé àgbà ni kó máa ṣọ́ra. Wọ́n fi àwòrán ara ògiri han ìyá arúgbó, wọ́n ní ibẹ̀ ni ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò wà. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Irun Dàdá ṣe é mú kúrò bí a bá ṣe ètò rẹ̀. Ẹ se sàárà. Èmi fúnra mi ni n óò wẹ orí rẹ̀." Wòlíì náà gbà á ládùúrà, ó fún wọn ní omi ìyàsímímọ́. Gbogbo ẹ̀rù tó wà lọ́kàn wọn, ọ̀dọ̀ ọ̀run ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ. Kò ku ìkan fún inú ike funfun yẹn.

Ọ̀ṣunbíyìí fi àdí àti ẹnu òòyà tú àwọn kókó náà lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ọmọ á sùn sórí itan rẹ̀, ìyá á máa tú u, á máa rọra kọrin ìjọ wọn. Ọmọ tí kò fi òòyà kàn lórí rí láti ọjọ́ tó ti bí i! Mo yọjú wò wọ́n lọ́jọ́ kan, mo sì rí i pé omi ń bọ́ lójú obìnrin náà. Ó ní ayọ̀ ni.

Ọjọ́ Sátidé ni sàárà. Wọ́n se ẹ̀wà, wọ́n dín àkàrà, wọ́n gé ìrèké, wọ́n ra àádùn, àwọn ọmọ àdúgbò jẹ títí, títí kan àwọn ọmọ Ègùn tó ń gbé lẹ́yìn wa. Ìyá Àríkẹ́ jókòó sórí àpótí, ó fi orí Dàdá sáàárín orúnkún, ó ń kì í ní ọmọ olówó ẹyọ, ó sì fi ọṣẹ dúdú àti kàn-ìn-kàn-ìn tuntun wẹ̀ ẹ́. Ó wẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́ nílé, kí ohun tó tẹ̀lé e láti ọ̀run lè padà wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó fi kàn-ìn-kàn-ìn ha awọ orí ọmọ náà títí ó fi pọ́n. Wọ́n da omi ìyàsímímọ́ lé e. Ayọ̀ pọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé yẹn kan náà ni kọ́ńpìnì ń bọ̀ wá ya fọ́tò.

Nígbà tí mo rí Ọ̀ṣunbíyìí tó wọ ìbọ̀wọ́, tó ń ṣí ike, mo fi òwú mi sílẹ̀. Mo kọjá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Ìyá Dàdá, wọ́n ti fọ orí ọmọ yìí láàárọ̀ yìí. Kàn-ìn-kàn-ìn ni wọ́n fi ha á."

Ó wò mí bí ẹni pé mo sọ èdè mìíràn. "Ìyá Mọ́rúfù, ìyẹn kì í ṣe orí fífọ̀. Àdúrà nìyẹn."

Mo búra fún yín, òótọ́ inú rẹ̀ ló ń sọ. Orí tí à ń fọ̀ wà lọ́tọ̀ lọ́kàn rẹ̀, orí tí à ń wẹ̀ fún Dàdá wà lọ́tọ̀. Òfin ṣọ́ọ̀bù ò kan ohun tó jẹ́ ti ọ̀run. Kò rántí pé orí kan náà ni.

"Sún un di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ni mo wí.

Ìyá Àríkẹ́ ti ẹ̀yìn pariwo mọ́ mi: "Olówùú, padà sídìí ọjà rẹ! Ǹjẹ́ o rí ẹni ń jowú ọmọdé?" Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà o, mo sọ̀rọ̀, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, orí ọmọ sì wọ́ lójú mi.

Irun Dàdá ki, kò tètè gbọ́. Ìyá rẹ̀ fi ìpara kan, ó tún fi òmíràn lé e. Ó ń bi í pé, "Ṣé ó ń ta ọ́?"

"Rárá, mà."

Ojú ọmọ náà wà lára àwòrán ògiri, kò yẹ̀. Èmi ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di ilẹ̀ mú, ó wọ inú rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ bíi pé ó fẹ́ gbẹ́ ẹ. Akínwándé ti wọlé pẹ̀lú ayàwòrán, ó ń wo aago. "Mádáàmù, time ń lọ o. Ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́ dáadáa, ọmọ dúdú ni, orí rẹ̀ le."

"Beatrice, ṣé ó ń ta ọ́?"

"Kò ta mí, mà."

Ó mọ̀ pé bí òun bá ti sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á da omi sí i, irun ò ní nà, ọ̀la á tún di ó ká, ó kó, kò mì. Ọmọ ọdún méjìlá! Ta ló kọ́ ọ ní irú ìfaradà yẹn? Ìyá rẹ̀ kọ́. Èmi kọ́.

Wọ́n ṣan án. Mi ò ní fi òtítọ́ pamọ́: irun náà nà dé ìbàdí, ó ń dán, ẹnu ya gbogbo wa. Wọ́n gbé e sí iwájú ẹ̀rọ fọ́tò, ayàwòrán ní kó rẹ́rìn-ín. Dàdá pa eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀, ó la ètè, omi tó kún ojú rẹ̀ sì ń tàn yanran. Akínwándé pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo ẹ̀rín! Ẹ wo ojú!" Nígbà tí mo gbé aṣọ ìnura tí wọ́n fi nu orí rẹ̀, mo rí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, orí ọmọ ti wú bí agbè, ojú rẹ̀ ti dí. Kí ni wọ́n sọ? Wọ́n ní Dàdá ń bínú. Ìyá Àríkẹ́ ní sàárà ò tó, wọ́n tún se ẹ̀wà mìíràn. Wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ àánú ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tan àbẹ́là yí i ká, wọ́n ń kọrin, irun gígùn yẹn sì ń bá awọ orí rẹ̀ jáde sórí ẹní. Nígbà tí òórùn rẹ̀ ò ṣe é gbà mọ́ra, Májẹ́kódùnmí gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n bí obìnrin, ó gbé e lọ sílé ìwòsàn ìjọba, èmi àti Ọ̀ṣunbíyìí sì tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé, "Kí lẹ fi sí i lórí?" Ọ̀ṣunbíyìí fi ọwọ́ bo ojú. Èmi ni mo dáhùn.

Kò kú. Ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì padà wálé. Ṣùgbọ́n láti iwájú orí rẹ̀ títí dé àtàrí ti di àpá, ó ń dán, kò sí irun tó tún lè hù níbẹ̀ láéláé. Bàbá rẹ̀ lọ bá kọ́ńpìnì. Akínwándé jáde sí i lẹ́nu géètì, ó ní ìpara àwọn ò ní àbùkù, àwọn ti kọ́ Mádáàmù pé kó má na orí tí wọ́n fọ̀. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun kan náà ló ní time ń lọ. Wọ́n ní Dàdá ò lè jà, ṣùgbọ́n ó ní àbúrò tó gbójú. Dàdá tiwa ò ní àbúrò.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1989, kàlẹ́ńdà jáde. Èmi rò pé wọ́n á ní ojú àánú, wọn ò ní lò ó mọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ bẹẹrẹ. Wọ́n gbé ojú ọmọ náà sórí pátákó gàgàrà kan ní Ìyànà Ìbà, ní ọ̀kánkán ibi tí bàbá rẹ̀ ti ń lẹ táyà. Májẹ́kódùnmí kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ọ̀jọ́, ó ní òun ò lè máa wòkè. Kò sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí tí ẹ wọ̀ tí ẹ ò rí Dàdá lára ògiri, àfi ti ìyá rẹ̀. Òun ti fi síméńtì pa ògiri tirẹ̀ rẹ́, ó sì ti ilẹ̀kùn pa.

Ọdún kan kọjá kó tó ṣí i. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan ìpara mọ́, òwú ni òun máa fi kó irun. A jókòó, àwa méjèèjì, èmi pẹ̀lú òwú mi, òun pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀. Kò sí ọmọ kankan tó wá. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ó padà sídìí ìpara, ti kọ́ńpìnì mìíràn, iṣẹ́ kan náà ni. Dàdá, tó ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ló ń bá a pọn omi. Síkáàfù kì í kúrò lórí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò pè é ní Dàdá mọ́, kò pè é ní Beatrice náà. "Ìwọ" ló máa ń pè é.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ mi, ọ̀sán ni, ní 1991. Ọmọbìnrin kan wá láti Ẹ̀sítéètì, ọmọ bí ọdún méjìlá. Ó ti já ojú ewé kàlẹ́ńdà àtijọ́ yẹn, ó ká a dání. Ó tẹ́ ẹ sórí àga. "Mà, irú èyí ni mo fẹ́."

Ọ̀ṣunbíyìí yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Dàdá gbé omi rẹ̀ sílẹ̀, ó wo àwòrán náà dáadáa, ó ní, "Èmi nìyẹn."

Ọmọ náà wò ó láti orí síkáàfù dé ẹsẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀ṣunbíyìí yẹ orí ọmọ ọlọ́mọ wò fínnífínní, ó bi í bóyá ó fọ̀ ọ́, bóyá wọ́n wẹ̀ ẹ́ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, bóyá wọ́n wẹ̀ ẹ́ fún un nílé, bóyá ó họ ọ́. Ọmọ ní rárá sí gbogbo rẹ̀. Ọ̀ṣunbíyìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó yá, ó bi í pé, "Ṣé ó ń ta ọ́?"

Ojú ọmọ náà wà lára àwòrán tó wà níwájú rẹ̀. "Rárá, mà," ló wí. Ó sì rẹ́rìn-ín. Ó pa eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀, ó la ètè, omi ń tàn lójú rẹ̀. Èmi mọ ẹ̀rín yẹn.

Dàdá ò dúró de ìyá rẹ̀. Ó gbé korobá, ó da gbogbo omi inú rẹ̀ lé ọmọ náà lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó fi ọwọ́ gbo ìpara kúrò, ó ń sunkún, ó ń pariwo pé, "Ó ń ta ọ́! Ó ń ta ọ́! Sọ pé ó ń ta ọ́!"

Ọmọ Ẹ̀sítéètì fò dìde, omi ń ro lára aṣọ rẹ̀. Kò dúpẹ́. Ó ní wọ́n ti ba irun òun jẹ́, kò tíì nà, wèrè ni ọmọ yìí. Ọ̀ṣunbíyìí ò bẹ̀ ẹ́. Ó di ọmọ tirẹ̀ mú, ó tú síkáàfù náà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé àpá orí rẹ̀ níṣojú gbogbo wa, ó sì pè é ní Dàdá. Ọmọ náà dá a lóhùn.

Ọmọbìnrin Ẹ̀sítéètì ti ká kàlẹ́ńdà rẹ̀ mọ́ abíyá. Mo ń wò ó bó ṣe sọdá títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí tó wà ní òdìkejì. Wọ́n fún un ní àga, ó sì jókòó.